Àgò Onílé O: Wíwá Ibi Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ti Já Lórí Kọ̀ǹpútà Linux

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fonọ́lọ́jì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì alohùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewì alohùn ni ó bí i. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ònkàwé wa yóò béèrè pé kí ni olùkọ́ Yorùbá ń wá nídìí wáyà, tí kò gbájú mọ́ gbólóhùn àti ẹ̀yán. Èsì mi ni pé kò sí iṣẹ́ kan tí ẹ̀ka wa ń ṣe lóde òní tí kì í gba inú kọ̀ǹpútà kọjá, láti orí ìbéèrè ìdánwò títí dé orí ohùn àwọn ìyá àgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ gbà sílẹ̀ ní abúlé. Bí ọ̀nà inú ẹ̀rọ náà bá dí, iṣẹ́ wa ni ó dí.

Kọ̀ǹpútà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ti ẹ̀ka, Ubuntu ni ó sì wà lórí rẹ̀. Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland nígbà náà, ni ó gbé Linux jáde ní 1991, láti 1992 ni ó sì ti wà lábẹ́ ìwé àṣẹ tí ó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lò ó, láti yẹ inú rẹ̀ wò, àti láti tún un ṣe. Ní 2004 ni Ubuntu tirẹ̀ dé. Inú èdè Zulu àti Xhosa ni a ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Àìgbowó rẹ̀ wà lára ìdí tí a fi gbà á, ṣùgbọ́n ìdí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ètò bọ́tìnì ìtẹ̀wé ti Yorùbá wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá ti fi ọjọ́ kan gbáko wá bí yóò ṣe fi àmì sí abẹ́ ṣ, kí ó tún fi àmì ohùn sórí ọ̀, yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ní 2023, wọ́n tún òrùlé ilé tí ọ́fíìsì wa wà ṣe. A fi ọ̀rá bo kọ̀ǹpútà yìí, a yọ wáyà iná rẹ̀, oṣù márùn-ún sì kọjá kí a tó padà wọlé. Nígbà tí a tàn án, kò sí ojú-ìwé kankan tí ó ṣí. Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ẹkún ìyàwó 38 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi wákàtí kan. Mẹ́ta nínú àwọn ìyá tí wọ́n sun ẹkún náà ti papòdà. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ láìfún un pọ̀, wákàtí kan ń gba bíi 600 MB, nítorí náà gbogbo rẹ̀ lé ní 22 GB. Fúláàṣì tí ó wà nílẹ̀ kò gbà ju 8 GB lọ. Dísìkì ńlá kan ṣoṣo tí ẹ̀ka ní sì wà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka tí ó rin ìrìn àjò. Ète wa ni pé kí a fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ kan lórí ayélujára ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, nítorí pé dísìkì inú kọ̀ǹpútà náà ti ń dún lọ́nà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí ó ti máa ń rí, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo ohunkóhun. Akọ̀wé wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí. Olùkọ́ kan ní òjò ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní:

“Ẹ jẹ́ kí n fọ́mátì ẹ̀, sà, kí n gbé Windows lé e. Linux yìí ló ń fa wàhálà.”

“Àwọn ohùn tí ó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ kó èyí tó bá ṣe pàtàkì sínú fúláàṣì, sà.”

Mo bi í léèrè pé èwo nínú àwọn ìyá náà ni kò ṣe pàtàkì. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. N kò bá ọmọ náà wí. Bí a ṣe kọ́ ọ ni ó ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo kórìíra nínú fọ́mátì ni pé ó ń wo àrùn sàn láìjẹ́ kí a mọ àrùn náà. Ẹni tí ó sun ilé kí eku lè kúrò níbẹ̀ kò tíì sọ ihò tí eku gbà wọlé fún wa.

Ọ̀nà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kí ènìyàn ní ìlú mìíràn yóò kọ́kọ́ jáde nínú yàrá, yóò dé àgbàlá, yóò dé bodè, yóò bọ́ sí ojú títì, yóò béèrè ilé ẹni tí ó ń wá, onílé yóò sì gbà á wọlé. Ibi tí ìrìn náà bá ti dúró ni a ó ti wá ohun tí ó dá a dúró. Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ju pé kí a béèrè ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ibi tí ó súnmọ́ wa jù, kí a má sì fo ọ̀kan dá ọ̀kan. Linux dára fún irú iṣẹ́ yìí nítorí pé ó máa ń dáhùn. Bí a bá ṣí fèrèsé dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, ohun tí a bá bi í ni yóò sọ.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àṣẹ wọ̀nyí fún ẹ̀yin tí ẹ̀rù wọn ń bà. Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà níbẹ̀, àlàfo kan ṣoṣo sì lè yí ìtumọ̀ padà. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń kìlọ̀ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn bí ẹni pé ohun àjèjì ni. Àwa tí a ń kọ́ni ní ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí mo kọ ni ip link. Ó kọ NO-CARRIER síwájú mi. Èyí túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé òun ní ojú tí a ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohunkóhun láti òdìkejì wáyà náà. Mo lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ: iná kékeré tí ó yẹ kí ó máa ṣẹ́jú níbẹ̀ ti kú. Àwọn tí wọ́n tún òrùlé ṣe ti gbé tábìlì lé wáyà náà lórí. A wá wáyà mìíràn, iná ràn, NO-CARRIER pòórá, LOWER_UP sì rọ́pò rẹ̀. Gbogbo èyí kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. (Bí ó bá jẹ́ ti aláìnílò wáyà ni, àṣẹ tí mo máa ń kọ ní ipò yìí ni rfkill list, nítorí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni bọ́tìnì kan wà lára wọn tí ọwọ́ lè ṣèèṣì fi pa wáìfáì.)

Síbẹ̀síbẹ̀, ojú-ìwé kò ṣí. Inú ọmọ atẹ́rọṣe wa dùn díẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti àdírẹ́sì, ìyẹn ip address. Kọ̀ǹpútà tí kò ní nọ́ńbà kò lè gba ìdáhùn, nítorí pé kò sí ibi tí a ó fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yá àwọn tí ó bá wọlé ní nọ́ńbà fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onílé ṣe ń fi yàrá háyà. DHCP ni wọ́n ń pe ètò náà. Bí kọ̀ǹpútà bá pe onílé tí kò rí i, ó lè fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹni tí ó bá rí nọ́ńbà yìí kí ó má ṣe wulẹ̀ lọ jìnnà, inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. A kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù ni ti ping. Mike Muuss, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wọn, ni ó kọ ètò yìí ní oṣù Kejìlá 1983. Ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi máa ń ju sínú òkun, tí yóò sì tẹ́tí sí bí ó ṣe ń padà bọ̀, ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tí wọ́n ti kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, n kò lọ sí inú òkun. Mo ní àgò ni. Ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé kì í ṣàdédé wọlé, yóò ní “Àgò onílé o!”, bí ẹnìkan bá wà nílé, a ó ní “Àgò yà!” Ping ń ké àgò sí nọ́ńbà kan, ó sì ń ka iye àkókò tí ìdáhùn fi pẹ́ lọ́nà.

Mo kọ́kọ́ ké àgò sí 127.0.0.1. Nọ́ńbà yìí ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ń pe ara rẹ̀, bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá láti mọ̀ bóyá ohùn òun ṣì wà. Ó dáhùn. Mo kọ ip route láti mọ bodè tí a ń gbà jáde. Ẹ rántí àwọn oníbodè ayé àtijọ́: kò sí ẹrù tí ó wọ ìlú tàbí tí ó jáde tí kò kọjá níwájú wọn. Lórí ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú default via ni nọ́ńbà oníbodè wa wà. Mo ké àgò sí i, ó dáhùn kí ìṣẹ́jú àáyá tó ṣẹ́ sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn náà ni mo ké àgò sí ìta gbangba, sí 8.8.8.8, nọ́ńbà tí Google ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti oṣù Kejìlá 2009, tí kò sì ṣòro láti há sórí. Òun náà dáhùn. Ọ̀nà ti là nìyẹn, láti inú yàrá wa títí dé òkè òkun. Akọ̀wé wa tí ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí rọra jókòó.

Kí n má gbàgbé: àgò tí a kò dáhùn kò túmọ̀ sí pé ilé ṣófo. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí àwọn olówó wọn ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe dá ping lóhùn. Nítorí náà, ó yẹ kí a ké e sí ju ilé kan lọ kí a tó dájọ́.

Nọ́ńbà nìkan kọ́ ni ènìyàn fi ń wá ilé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, bí ẹ bá béèrè Ojúlé Kejìlá, wọn yóò máa wo yín. Bí ẹ bá béèrè ilé ìyá alátẹ, ọmọdé yóò mú yín débẹ̀. Orúkọ ni àwa náà ń lò lórí ayélujára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ẹ̀rọ gbọ́. Nígbà kan rí, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà sí, ní ilé ìwádìí Stanford ní Amẹ́ríkà, gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ yóò sì lọ da ìwé náà kọ. Nígbà tí ilé pọ̀ jù, Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀ ní 1983, èyí tí ó pín ìmọ̀ náà káàkiri, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ yóò tọ́ka sí ẹni tí ó mọ̀. Bí ibí yìí bá bàjẹ́, àgò sí nọ́ńbà yóò máa jẹ́, àgò sí orúkọ kò ní jẹ́, Linux yóò sì kọ Temporary failure in name resolution. Mo ti rí i lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnìkan ti fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà DNS ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí; ní kété tí ó kúrò nílé iṣẹ́ náà, gbogbo orúkọ di àjèjì sí i. Àṣẹ resolvectl status ni ó fi hàn wá. Ní ti kọ̀ǹpútà ẹ̀ka, orúkọ ń jẹ́ geere.

Kí wá ni ó kù? Ọ̀nà là, orúkọ ń jẹ́, ojú-ìwé kò sì ṣí. Àwọn díẹ̀ tilẹ̀ ń ṣí, èyí sì ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà rújú. Ìkànnì kan tí a máa ń lò fún ìwé ìròyìn ṣí. Google kò ṣí. Ibi ìpamọ́ tí a fẹ́ kó ohùn lọ kò ṣí. Ohun tí ó ń kọ ni pé ààbò kò sí lórí ìsopọ̀ náà. Ọmọ atẹ́rọṣe wa ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó ní kí a kúkú fọ́mátì.

Mo wo òkè ojú kọ̀ǹpútà. Déètì tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ tí a pa á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òrùlé. Ẹ̀rọ náà gbà pé oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni a ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìkànnì tí ó ní ààbò máa ń mú ìwé-ẹ̀rí jáde láti fi hàn pé òun ni òun ń jẹ́, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin sì wà lára ìwé-ẹ̀rí náà. Àwọn ìwé-ẹ̀rí tí Let’s Encrypt ń fún àwọn ìkànnì nígbà náà kò lò ju 90 ọjọ́ lọ. Àwọn mìíràn lò tó ọdún kan. Nígbà tí ìkànnì mú ìwé-ẹ̀rí tí a ṣe ní oṣù tí ó kọjá jáde, kọ̀ǹpútà wa wò ó pé ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ kò tíì dé, ó sì kọ̀ ọ́ bí ayédèrú. Ìkànnì ìwé ìròyìn tí ó ṣí yẹn, ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ ti pẹ́ ju oṣù márùn-ún lọ. Ẹ̀rọ náà ń ṣọ́nà dáadáa. Òun ni kò mọ ọjọ́.

Ohun tí ó ń mú kí kọ̀ǹpútà mọ aago nígbà tí kò sí iná ni bátìrì pẹlẹbẹ kan bí owó ẹyọ, CR2032, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì 3. Tiwa ti kú láàárín oṣù márùn-ún yẹn. Nígbà tí iná padà, Ubuntu rántí ìgbà ìkẹyìn tí òun jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó yẹ kí ó béèrè aago lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nípa ètò tí David Mills bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1985, NTP. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ timedatectl, ó ní System clock synchronized: no. Mo pe ẹni tí ó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì jẹ́wọ́ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn 123, èyí tí ìbéèrè aago ń gbà kọjá, fún gbogbo ẹ̀rọ inú ọgbà. Kí ni aago ṣe fún wọn, n kò mọ̀.

A pa ẹ̀rọ, a yọ bátìrì ọ̀hún, a fi tuntun sí i. Mo fi sudo timedatectl set-ntp false dá ìbéèrè aago dúró, mo sì fi sudo timedatectl set-time kọ ọjọ́ àti wákàtí tòótọ́ sí i. Google ṣí. Ibi ìpamọ́ ṣí. Ọmọ atẹ́rọṣe wa mú ìwé kékeré jáde, ó ní, “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àwọn àṣẹ yẹn pè fún mi ní ẹsẹẹsẹ.” Mo pè é fún un.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí a gbójú lé nínú ẹ̀ka wa, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì rẹ̀ ní 1990, dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni; a kò lè retí pé kí ó bá wa sọ̀rọ̀ nípa DNS. Wọ́n gbà pé kí gateway máa jẹ́ bodè, láìsí àríyànjiyàn. Fún ping, ọ̀kan mú ọ̀rọ̀-ìṣe kágò wá, ó fi mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- kún un, ó di ìkágò, mo sì fún un ní máàkì nínú kíláàsì mọfọ́lọ́jì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí DNS ni ìjà wà. Ọmọbìnrin kan ní afinimọ̀nà. Ọmọkùnrin kan ní rárá, kì í fini mọ̀nà, ilé nìkan ni ó ń tọ́ka sí, ojú ọ̀nà sì ni iṣẹ́ bodè. Ó ní kí ó máa jẹ́ atọ́ka-ilé. Èmi fara mọ́ ti ọmọkùnrin náà, nítorí pé ó yà iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ìpàdé ẹ̀ka kò tíì fọwọ́ sí ìkankan.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹkún ìyàwó náà ránṣẹ́. Mẹ́sàn-án ti lọ kí iná tó lọ ní aago méje. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ètò tí a fi ń kó o, rsync, kò padà sórí àwọn tí ó ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó mú ìkẹwàá. Mo ti ní kí wọ́n to ohùn àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n ti papòdà ṣáájú, nítorí náà wọ́n wà lára mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Èyí tí ó gbẹ̀yìn, ohùn ìyá kan ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn tí ó ṣì ń ta ẹ̀kọ lójoojúmọ́, wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta.